Ṣé Ó Yẹ Kí A Máa Fi Ikú Adìẹ Gba Máàkì?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sínú ìwé ẹgbẹ́ wa lọ́dún yìí lè pa ẹlòmíràn lẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ ń gbé yàrá, ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé àánú adìẹ ló ń ṣe ọ́ ni, àbí ebi adìẹ ló ń pa ọ́?" Mo ní méjèèjì ni. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni àṣà tí ó wà ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa kan, pé kí a kó àwọn ọmọ jọ sí ẹ̀yìn kíláàsì, kí a fún wọn ní adìẹ tàbí ehoro, kí a ní kí wọ́n pa á, kí a sì fún wọn ní máàkì lé e lórí. Mo fi ti ọ̀pọ̀lọ́ inú yàrá Bàọ́lọ́jì kún un, nítorí pé ọmọ ìyá kan náà ni àwọn méjèèjì.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ẹ̀sìn tuntun kan ni mo gbà. Mo ń jẹ ẹran. Bí ó bá wà nínú ọbẹ̀, mo máa ń jẹ ẹ́ dé eegun. Èmi kò sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí ènìyàn pa adìẹ jẹ, àwọn baba wa náà kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Eku, ẹja, ẹyẹ, ẹran, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń jẹ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń rúbọ. Yorùbá kì í fi pípa ẹran pamọ́ fún ọmọdé. Ọjọ́ Kérésìmesì, ọjọ́ Ìlẹ̀ya, ọjọ́ ìkómọ, ojú ọmọ ni wọ́n ti ń dúńbú ẹran, ọmọ náà ni wọ́n sì ń rán lọ bu omi gbígbóná.

Èyí ni àwọn tí ó fara mọ́ àṣà yìí máa ń gbẹ́kẹ̀ lé, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ wọn ní ìwọ̀n. Wọ́n ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí, pàápàá àwọn tí a bí sí Èkó àti Ìbàdàn, kò mọ ibi tí ẹran ti ń wá mọ́. Itan adìẹ tí wọ́n ń rí nínú fìríìsà, bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti hù ni. Wọ́n ní kí ọmọ rí i, kí ó mọ̀ pé ohun tí ó ní ẹ̀mí ni òun ń jẹ. Òtítọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ pé kí ọmọ rí i nìkan ni, n kò bá tí gbé gègé mi rárá. Ọ̀rọ̀ náà kò sì ní í dín kù, nítorí pé nínú ètò ẹ̀kọ́ tuntun tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2025, iṣẹ́ ọ̀sìn ẹran wà lára ìwọ̀nba iṣẹ́ tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama lè yàn láti kọ́. Ẹran yóò pọ̀ sí i nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa, ọ̀bẹ náà yóò sì pọ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ ní nǹkan yìí nílé. Ọmọ kì í bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀bẹ. Adìẹ ni yóò kọ́kọ́ máa lé mú yíká agbo ilé. Bí ó bá dàgbà díẹ̀, wọn yóò ní kí ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kí ó tẹ ìyẹ́ apá rẹ̀ mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà, yóò kọ́ bí a ṣe ń rẹ adìẹ sínú omi gbígbóná, àti ìwọ̀n tí omi náà gbọ́dọ̀ gbóná mọ, nítorí bí ó bá hó jù, awọ yóò bó pọ̀ mọ́ ìyẹ́. Ọdún lè gorí ọdún kí ẹnikẹ́ni tó gbé ọ̀bẹ lé e lọ́wọ́. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ṣe ló ń pa á, ọmọ náà ń wò, ó sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń pa á, nítorí pé àlejò ń bẹ ní pálọ̀ tàbí pé ọdún dé. Bí ọmọ kan bá bo ojú, wọn yóò fi ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀, wọn yóò sì rán an lọ gé àlùbọ́sà. Kò sí ìyá tí yóò ní, nítorí pé o kò lè pa adìẹ, o kò ní gba ipò kìíní lọ́dún yìí.

Èyí ló mú mi sọ pé láàárín àwa Yorùbá, ọ̀bẹ kì í ṣe ti gbogbo ọwọ́. Ògún ló ni ín. Ọmọ tí ó bá fẹ́ di alápatà, ó ní ọ̀gá tí yóò sìn, awọ bíbó àti ìfun fífọ̀ ni yóò sì máa ṣe títí ọ̀gá yóò fi rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ti tó. Ọ̀pọ̀ baba ilé tí ó ra àgbò Ìlẹ̀ya, tí ó sì lágbára láti dì í mú, kì í dá a dúńbú. Ààfáà tàbí alápatà ni wọ́n ń pè. Nínú ẹ̀kọ́ Ànábì Muhammad náà ni pé kí ẹni tí ó fẹ́ dúńbú ẹran pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ kí ó mú dáadáa, kí ó má fi ìyà jẹ ẹran náà. Àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn fi kún un pé kí a má pọ́n ọ̀bẹ níṣojú ẹran, kí a má sì pa ọ̀kan lójú èkejì.

Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí òkè òkun pàápàá kò gbàgbé èyí. Ní Brazil, nínú ẹ̀sìn Candomblé, oyè kan wà tí wọ́n ń pè ní axogun. Ẹ fetí sí ọ̀rọ̀ náà dáadáa, ẹ óò gbọ́ Ògún nínú rẹ̀. Òun ni ó ń mú ọ̀bẹ nígbà ìrúbọ, kì í ṣe ẹni tó bá ṣáà ti wà nítòsí. Ní Cuba, a lè ti fi òrìṣà lé olórìṣà lórí láti ọjọ́ pípẹ́, síbẹ̀ ó ku ètò mìíràn tí wọn yóò ṣe fún un, tí wọ́n ń pè ní pinaldo, kí ó tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ọ̀bẹ pa ẹran ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí òwò ẹrú ti dópin, òkun sì wà láàárín wa, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ pé ènìyàn gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó gba ẹ̀mí ẹran.

Àwa tí a sì ń ka ìjálá ní kíláàsì kò gbọdọ̀ ṣe bí ẹni pé ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí wa. Ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kọ lórí ìjálá, tí ó jáde ní 1966, kún fún oríkì ẹran: erin, ẹfọ̀n àti àwọn mìíràn. Ta ni ó ń ki wọ́n? Ọdẹ tí ń pa wọ́n ni. Ó mọ bí ẹran náà ṣe ń rìn, ó mọ ohun tí ó ń jẹ, ó mọ ìrísí rẹ̀ àti ìgbéraga rẹ̀. Àwọn ẹran kan sì wà tí ọdẹ kò ní í pa kí ó lọ sílé sùn láìṣe ètùtù. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ pípa ẹran ni ó bọ̀wọ̀ fún ẹran jù.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Nígbà tí ó ku ọdún kan kí a ṣe ìdánwò àṣejáde ní ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n ra ogún ọmọ adìẹ òyìnbó fún kíláàsì wa. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni a fi tọ́jú wọn. À ń fún wọn lóúnjẹ, à ń pààrọ̀ omi wọn, à ń kó ìgbẹ́ wọn. Mẹ́ta kú, mẹ́tàdínlógún yè. Ẹ̀kọ́ gidi ni, nínú gbogbo ohun tí wọ́n sì kọ́ wa nípa iṣẹ́ àgbẹ̀, òun ni kò tíì kúrò lórí mi. Nígbà tí ó di ọjọ́ Jímọ̀ kan, olùkọ́ wa ní àkókò tó láti gba máàkì. Ó pín wa sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, ó fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní adìẹ kan. Ọ̀bẹ méjì ni a ní fún ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń gé búrẹ́dì, kò sì sí èyí tó mú nínú wọn. Máàkì mẹ́wàá wà fún pípa, márùn-ún fún títu ìyẹ́, márùn-ún fún kíkun.

Kò sí ẹni tí ó sọ fún wa pé kí a má fún adìẹ lóúnjẹ láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Kò sí ẹni tí ó fi hàn wá bí a ṣe ń gbé e kọ́ sísàlẹ̀ kí ó lè farabalẹ̀, tàbí ibi tí iṣan ẹ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Ẹgbẹ́ kẹta bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀bẹ ha tiwọn lọ́rùn bí ẹni ń ha èèpo igi. Adìẹ náà já mọ́ wọn lọ́wọ́, ó gba àárín wa kọjá, ẹ̀jẹ̀ ń kán sílẹ̀. Gbogbo kíláàsì hó yèè. Àwọn kan ń sá, àwọn kan ń lé e, àwọn kan ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan tí kò yẹ kí ó mú fóònù wá sí ilé-ẹ̀kọ́ yọ fóònù, ó ń ya fọ́tò. Olùkọ́ náà ń rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Lọ́jọ́ náà, ara okùn nìkan ni ó rọ̀.

Ọmọbìnrin kan wà nínú ẹgbẹ́ tiwa. Òun ni ó máa ń wá ní Sátidé láti fún àwọn adìẹ náà lóúnjẹ, nítorí pé ilé wọn kò jìnnà. Nígbà tí ó kàn án láti mú ọ̀bẹ, ó ní òun kò lè ṣe é. Olùkọ́ ní bí kò bá ṣe é, òdo ni. Ó ní kí wọ́n kọ òdo. Wọ́n kọ ọ́.

Òdo yẹn ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Kí ni ó ń wọ̀n? Ọmọ yìí mọ ìwọ̀n oúnjẹ tí adìẹ ọlọ́sẹ̀ mẹ́ta ń jẹ. Òun ni ó kọ́kọ́ rí i pé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ àwọn kan, tí a fi tètè ra oògùn kí àrùn náà tó tàn ká. Bí ó bá jẹ́ ìmọ̀ ọ̀sìn adìẹ ni a ń dán wò, òun ni ì bá gba ipò kìíní. Àwọn ọmọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tí wọn kò bu omi fún adìẹ rí, tí wọ́n gba mẹ́wàá nínú mẹ́wàá nítorí pé apá wọn le. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ń sin adìẹ tà láàárín wa kì í pa á fúnra wọn. Òòyẹ̀ ni wọ́n ń tà á, àwọn tí ń pa adìẹ lọ́jà ni wọ́n sì ń pa á fún oníbàárà. Iṣẹ́ ọ̀tọ̀ ni. Kí ló dé tí a fi ń fi iṣẹ́ ẹnì kan dán ẹlòmíràn wò?

Àwọn kan yóò ní kí ọkàn ọmọ lè le ni. Wọ́n ní bí ọmọ bá ń sunkún nítorí adìẹ, báwo ni yóò ṣe di dókítà, báwo ni yóò ṣe di sójà? Mo ti gbọ́ èyí lẹ́nu olùkọ́ tí mo bọ̀wọ̀ fún, ṣùgbọ́n n kò lè gbà á. Ohun tí dókítà nílò ni ọwọ́ tí kì í gbọ̀n, ọwọ́ tí kì í gbọ̀n kì í sì í ti inú ariwo àti ẹ̀rín wá. Kíkọ́ ni a ń kọ́ ọ. Àwọn tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún adìẹ tí ọrùn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já, ọkàn wọn le lóòótọ́, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ta ni ó fẹ́ kí irú wọn wá gún òun lábẹ́rẹ́? Òwe Yorùbá ti sọ fún ẹni tí ó fẹ́ fi igi ṣóńṣó gún ọmọ ẹyẹ pé kí ó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò bí ó ṣe ń dunni. Ẹ ṣàkíyèsí pé òwe náà kò ní kí ó má jẹ ẹyẹ.

Òfin pàápàá kò dákẹ́ lórí rẹ̀. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Nàìjíríà, ìsọ̀rí 495 sọ pé ẹni tí ó bá fi ìwà ìkà lu ẹran, tí ó dá a lóró, tàbí tí ó dẹ́rù bà á, ó jẹ̀bi. Ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà ni ìjìyà rẹ̀, tàbí ìtanràn àádọ́ta náírà, tàbí méjèèjì. Náírà àádọ́ta! Kò ra ẹyin adìẹ kan lónìí. Bí ìtanràn náà ti wà yìí fi hàn bí ó ti pẹ́ tó tí ẹnikẹ́ni ti ṣí ojú ìwé náà wò.

Ti ọ̀pọ̀lọ́ kò gba àlàyé púpọ̀. Adìẹ, a ó kúkú jẹ ẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ tí a rọ kọlọrọfọ́ọ̀mù fún nínú ìgò, tí a kàn mọ́ pákó, tí a là nínú, kò sí ẹni tí yóò sè é. Kọlọrọfọ́ọ̀mù náà lè má tó, kí ọ̀pọ̀lọ́ sì jí lórí pákó, nítorí pé ẹ̀mí rẹ̀ le. Ogójì ọmọ ni yóò sì là á láti rí ohun tí ó ti wà nínú àwòrán fún ìgbà pípẹ́, ọkàn níhìn-ín, ẹ̀dọ̀ lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì ní í ka sáyẹ́ǹsì mọ́ bí wọ́n bá ti ṣe ìdánwò tán. Ní 1959 ni àwọn onímọ̀ méjì, Russell àti Burch, ti kọ̀wé pé kí àwọn tó ń fi ẹran ṣe ìwádìí wá ohun mìíràn lò dípò ẹran níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí wọ́n dín iye rẹ̀ kù, kí wọ́n sì dín ìrora rẹ̀ kù. Ní India, àjọ tí ń bójú tó àwọn yunifásítì wọn ti ní kí wọ́n fi lílà ẹran sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ nípa ẹranko láti 2014. Ní California, ọmọbìnrin kan tí ń jẹ́ Jenifer Graham kọ̀ láti la àkèré ní ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1987, ọ̀rọ̀ náà sì dé ilé ẹjọ́. Ọ̀nà àbáyọ tí adájọ́ rí ni pé kí wọ́n wá àkèré tí ó kú fúnra rẹ̀ fún un. Mo ti ń ronú ibi tí olùkọ́ yóò ti rí irú àkèré bẹ́ẹ̀, bóyá yóò máa kiri etí odò lóròòwúrọ̀ láti wo èyí tí ó ti re ibi àgbà ń rè. Ṣùgbọ́n ní 1988, wọ́n ṣe òfin ní ìpínlẹ̀ náà tí ó fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ láǹfààní láti sọ pé ẹ̀rí-ọkàn òun kò gbà á, kí olùkọ́ sì wá iṣẹ́ mìíràn fún un.

Mo mọ̀ pé nítorí àpẹẹrẹ wọ̀nyí, ẹnì kan yóò ní ọ̀rọ̀ òyìnbó ni mo ń sọ. Kí ó padà sókè, kí ó tún ka ohun tí mo kọ nípa ọ̀bẹ Ògún àti oríkì ẹfọ̀n. Ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń fi pípa ẹran ṣe ìdánwò fún ogójì ọmọ nínú wákàtí kan ni òyìnbó gbé wá.

Ìdí tí mo fi kọ èyí sínú ìwé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá, tí n kò gbé e lọ fún àwọn ará ẹ̀ka iṣẹ́ àgbẹ̀, ni pé ọ̀rọ̀ náà yóò kan àwa gan-an. Ọ̀pọ̀ nínú wa ni yóò lọ kọ́ṣẹ́ olùkọ́ láìpẹ́, lẹ́yìn rẹ̀ a ó di agùnbánirọ̀. Gbogbo wa ni a sì mọ bí ó ṣe máa ń rí: o dé abúlé kan pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí Yorùbá rẹ, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ wò ọ́ lókè wò ọ́ nísàlẹ̀, ó ní kò sí olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ìwọ ni yóò máa kọ́ ọ. Ọ̀bẹ yóò bọ́ sí ọ lọ́wọ́ ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, ogójì ọmọ yóò sì máa wo ojú rẹ.

Bí ọjọ́ náà bá dé bá mi, mo ti mọ ohun tí n óò ṣe. Adìẹ kan ni n óò mú, kì í ṣe mẹ́fà. N óò lọ bá ọ̀kan nínú àwọn ìyá tí ń pa adìẹ lọ́jà ìlú náà, n óò bẹ̀ ẹ́ kí ó bá mi wá sí ilé-ẹ̀kọ́ pẹ̀lú ọ̀bẹ tirẹ̀, n óò sì san owó iṣẹ́ rẹ̀ fún un. Òun ni yóò pa á, tí yóò máa ṣàlàyé bí ó ti ń ṣe é. Ọmọ tí kò bá fẹ́ wò ó, kí ó máa dá iná omi gbígbóná. Ẹni tí ó bá hó, kí ó jáde síta. Máàkì yóò wà fún ẹni tí ó bá lè sọ fún mi ohun tí adìẹ náà jẹ láti kékeré, àrùn tí ó lè pa á, àti iye tí a ná lé e lórí, kò sì ní í sí máàkì kankan fún pípa á. Ìgbà tí a bá sè é tán, a ó pín in, ìyá náà ni yóò kọ́kọ́ mú.